Bí A Ṣe Ń Yí Họ́ọ̀bù Quick-Release Padà sí Onínọ́ọ̀tù

Họ́ọ̀bù ni àárín wíìlì kẹ̀kẹ́, tí ọ̀pá kan gba inú rẹ̀ kọjá. Lára ti quick-release, oníhò ni ọ̀pá náà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn tí ó ní apá ìtú ni ó sì ń gba inú rẹ̀ láti de wíìlì mọ́ kẹ̀kẹ́ láìlo sípánà. Lára ti onínọ́ọ̀tù, kìkì irin ni ọ̀pá náà, nọ́ọ̀tù ni a sì fi ń dè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó dáwọ́ lé yíyí ti àkọ́kọ́ padà sí èkejì ni kì í rí i parí dáadáa, ibi kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń kọsẹ̀ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ ra ọ̀pá àárín tuntun, wọ́n á tú họ́ọ̀bù palẹ̀, ìgbà tí kóònù (irin tí a ń yí sórí ọ̀pá láti fi tẹ ọmọ bíárìn mọ́ àyè wọn) bá kọ̀ tí kò yí mọ́ ọ̀pá tuntun náà lára ni wọ́n tó rántí pé rúlà wà nílé. Àwọn mìíràn rí i tò: wíìlì wọ inú férémù, nọ́ọ̀tù sì dì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wíìlì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì tàbí tí ó ń yí gbágungbàgun, nítorí pé bí ẹni pé quick-release ni ó ṣì jẹ́ ni wọ́n ṣe ṣètò bíárìn rẹ̀. Wíwọ̀n kí a tó rà, àti ṣíṣètò bíárìn bí nọ́ọ̀tù ṣe fẹ́ ẹ, ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ìyókù kò ju kí a tú, kí a fọ̀, kí a sì tò lọ.

Kí ẹ tó náwó

Họ́ọ̀bù tí ó ń lo kóònù àti kọ́ọ̀pù (ojú kòtò inú họ́ọ̀bù tí ọmọ bíárìn ń yí nínú rẹ̀), tí ọmọ bíárìn rẹ̀ sì wà ní ẹyọ ẹyọ nínú gíríìsì, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù náà. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀tù pẹlẹbẹ kan, tí irin mìíràn tí a gé ojú méjì sí lára fún sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́kìnọ́ọ̀tù àti kóònù nìyẹn, ẹ lè tẹ̀síwájú. Bí ó bá jẹ́ ìdérí dídán kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ họ́ọ̀bù tí bíárìn rẹ̀ wà ní àdìpọ̀, tí a kàn ń gbá odindi rẹ̀ wọlé. Ọ̀pá irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá ọ̀pá tí ó wà lọ́jà mu, àfi bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá ṣe ọ̀pá onínọ́ọ̀tù fún un. Họ́ọ̀bù tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó 12 mm tàbí 15 mm, tí ó ń gba inú ihò fọ́ọ̀kì tàbí ti férémù kọjá sí òdì kejì, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé olè tí ó lè tú wíìlì lọ nìkan ni ẹ ń sá fún, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe tú họ́ọ̀bù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń gba inú ọ̀pá oníhò kọjá gẹ́gẹ́ bí ti quick-release, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé áláǹkíì (kọ́kọ́rọ́ irin onígun mẹ́fà) ni a fi ń dè é dípò apá ìtú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbà láti fi sí i, kò sì sí gíríìsì tí yóò kan ọwọ́. Àwọn tí iṣẹ́ yìí tọ́ sí ni àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ onijíà kan, tí ẹnu férémù rẹ̀ (ibi tí ọ̀pá wíìlì ń wọ̀) sì nà gbọọrọ síwájú sẹ́yìn, tí ṣéènì fi máa ń fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wíìlì síwájú nígbà tí a bá tẹ pẹ́dàlì gidigidi. Àti àwọn tí ọ̀pá oníhò wọn ti tẹ̀ tàbí tí ó ti ṣẹ́, tí ọ̀pá kìkì irin sì ni wọ́n rí rà.

Ẹ má ṣe tìtorí agbára nìkan ṣe é, nítorí pé ọ̀pá kìkì irin kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ju oníhò lọ. Nígbà tí ẹrù bá fẹ́ tẹ ọ̀pá, ẹ̀bá rẹ̀ lóde ni ó ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà, àárín rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ihò 5 mm nínú ọ̀pá 10 mm kò gbà ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 lọ lára agbára tí ọ̀pá náà fi ń kọ títẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀tù ní tí apá ìtú kò ní ni bí ó ṣe ń di férémù mú pinpin.

Ẹ tún rò ó bí ẹ bá ní irinṣẹ́ kan tí ó ń fi quick-release gbá kẹ̀kẹ́ mú, irú bí èyí tí a fi ń gun kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú ilé tàbí èyí tí a fi ń de fọ́ọ̀kì mọ́ orí ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má gba wíìlì náà mọ́. Bí fọ́ọ̀kì tàbí férémù yín bá sì jẹ́ ti kábọ́ọ̀nù títí dé ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe fi nọ́ọ̀tù dì í àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá sọ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ óò kó jọ

- Kálípà, bí kò bá sí, rúlà onímílímítà tí ojú rẹ̀ ṣì hàn ketekete.
- Sípánà kóònù, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, 13 mm tàbí 14 mm ni ti iwájú, 15 mm sì ni ti ẹ̀yìn. Sípánà lásán nípọn jù fún kóònù: lọ́kìnọ́ọ̀tù ni yóò gbá mú pọ̀ mọ́ ọn, ojú kóònù yóò sì jẹ.
- Sípánà lásán 17 mm fún lọ́kìnọ́ọ̀tù, àti 15 mm fún nọ́ọ̀tù ìta.
- Ọ̀pá kìkì irin tuntun, nọ́ọ̀tù ìta méjì àti wọ́ṣà méjì tí ó bá a mu. Ẹ má ṣe rà wọ́n kí ẹ tó parí ìpele 1.
- Ọmọ bíárìn tuntun. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú sábà máa ń jẹ́ 3/16 ínṣì, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ ka èyí tí ó wà nínú tiyín kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.
- Gíríìsì, kẹrosíìnì, àkísà, àti abọ́ ẹlẹ́tí kan tí ọmọ bíárìn kò fi ní yí sá lọ.

Fáìsì (irinṣẹ́ tí ń gbá irin mú lórí tábìlì) dára púpọ̀ bí ẹ bá ní in, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ṣeé ṣe láìsí i.

Ìpele 1: Wíwọ̀n

Ẹ yọ wíìlì kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti quick-release jáde pẹ̀lú àwọn sípíríìnì kékeré rẹ̀ méjèèjì. Ohun mẹ́rin ni ẹ óò wọ̀n, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ lórí ìwé, nítorí pé bí ọwọ́ bá ti kan gíríìsì tán, ẹ kò ní lè padà wá wọ̀n wọ́n bó ṣe yẹ.

Èkínní ni ìbú họ́ọ̀bù, láti ojú ìta lọ́kìnọ́ọ̀tù kan dé ojú ìta èkejì. Ti iwájú sábà máa ń jẹ́ 100 mm. Ti ẹ̀yìn lè jẹ́ 120 tàbí 126 lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, 130 lára kẹ̀kẹ́ eré ojú títì, tàbí 135 lára kẹ̀kẹ́ orí òkè àti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìlú. Iye yìí kò gbọdọ̀ yí padà nígbà tí ẹ bá parí.

Èkejì ni bí ọ̀pá àtijọ́ ṣe yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń tó 5 mm. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi mílímítà kan tàbí méjì ju èkejì lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní tẹ̀ lé e: ọ̀pá tuntun gbọ́dọ̀ yọ bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ẹ̀kẹta ni ìnípọn irin ẹnu férémù tàbí ti fọ́ọ̀kì, ní ibi tí nọ́ọ̀tù yóò jókòó sí gan-an. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu náà pẹ̀lú. Ẹnu fọ́ọ̀kì tí a ṣe fún quick-release sábà máa ń fẹ̀ tó 9 mm, ti ẹ̀yìn 10 mm. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pá iwájú tí ó jẹ́ 3/8 ínṣì, èyí tí í ṣe 9.5 mm, kì í wọ ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì. Ẹ má ṣe fi fáìlì gbẹ́ ẹnu fọ́ọ̀kì kí ọ̀pá lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá ọ̀pá 9 mm.

Ẹ̀kẹrin ni tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí ó yí ara ọ̀pá ká, ibí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pá quick-release ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 10 mm, tí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 1 mm. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá kìkì irin tí a ń tà fún ẹ̀yìn sì jẹ́ 3/8 ínṣì, tí ìlà 26 wà nínú ínṣì kan. Bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ìlà tí ó jẹ́ 1 mm ń mú 25.4 jáde nínú ínṣì kan, kò sì fi ìlà kan odindi yàtọ̀ sí 26. Kóònù 10 mm yóò wọ ọ̀pá 3/8 láìjanpata, yóò sì máa jó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi agbára de lọ́kìnọ́ọ̀tù mọ́ ọn, ìlà yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn họ́ọ̀bù àtijọ́ kan wà tí ọ̀pá wọn jẹ́ 10 mm ṣùgbọ́n tí ìlà wọn jẹ́ 26 nínú ínṣì. Kóònù ti òde òní yóò yí wọ ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, yóò sì há.

Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí ẹ tú lọ́kìnọ́ọ̀tù apá òsì kúrò lára ọ̀pá àtijọ́, kí ẹ mú un dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ra ọ̀pá, kí ẹ sì fi ìka lásán yí i láti orí kan ọ̀pá tuntun dé orí kejì kí ẹ tó sanwó. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan, kò sì gbọdọ̀ máa mì tìtì lára rẹ̀.

Gígùn ọ̀pá rọrùn láti ṣírò. Ẹ mú ìbú họ́ọ̀bù, kí ẹ fi ìnípọn irin férémù, ti wọ́ṣà, ti nọ́ọ̀tù, àti 2 mm tí yóò yọ síta kún un, ní ìlọ́po méjì. Bí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn bá jẹ́ 135 mm, tí irin férémù jẹ́ 7, wọ́ṣà 2, nọ́ọ̀tù 9, àti èyí tí yóò yọ síta 2, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 20, ọ̀pá náà sì jẹ́ 175 mm. Bí irin tí ó di ìbòrí ẹrẹ̀ tàbí àga ẹrù mú bá tún wà lórí ọ̀pá náà, ẹ ka ìnípọn tirẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pá tí ó gùn jù kò burú bí èyí tí ó kúrú jù, nítorí a lè fi ayùn irin gé e. Kí ẹ tó gé e, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tù kan kọjá ibi tí ẹ fẹ́ gé. Nígbà tí ẹ bá ń yí i jáde lẹ́yìn gígé, nọ́ọ̀tù náà ni yóò tún ojú ìlà tí ayùn bàjẹ́ ṣe.

Àyẹ̀wò: ẹ yí ọ̀pá tuntun lórí gíláàsì tàbí tábìlì tí ó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ àárín rẹ̀ tí ó sì ń parẹ́ bí ó ṣe ń yí, ó ti tẹ̀. Ẹ dá a padà.

Ìpele 2: Títú

Ẹ tẹ́ wíìlì sílẹ̀ sórí abọ́, pẹ̀lú apá òsì rẹ̀ sókè. Apá òsì ni a ń tú, yálà wíìlì iwájú ni tàbí ti ẹ̀yìn. Lára ti ẹ̀yìn, èyí ni ìdákejì ibi tí kọ́ọ̀gì àti ṣéènì wà. Ẹ fi sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ di kóònù mú, kí ẹ fi 17 mm tú lọ́kìnọ́ọ̀tù sí apá òsì. Ẹ yọ lọ́kìnọ́ọ̀tù, wọ́ṣà, sípésà (òrùka irin tí ń fi àyè sí àárín) àti kóònù bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi okùn wáyà kan gún wọn jọ ní ètò náà gan-an, kí ojú tí ó kọ síta má sì yí padà. Ètò yìí ni ó gbé wíìlì sí àárín férémù. Lára họ́ọ̀bù tí ó ní bíréèkì oníplétì, òun náà ni ó gbé plétì sí àárín bíréèkì, nítorí náà sípésà kan tí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò mú kí plétì máa họ bíréèkì lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ọ̀pá jáde láti apá ọ̀tún pẹ̀lú kóònù ọ̀tún lára rẹ̀. Kò sí ìdí láti yọ kásẹ́ẹ̀tì (àdìpọ̀ kọ́ọ̀gì) lára họ́ọ̀bù tí ó ní fíríhọ́ọ̀bù (apá họ́ọ̀bù tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ lé). Bí ó bá jẹ́ fíríwíìlì àtijọ́ tí a ń yí mọ́ họ́ọ̀bù, tí ihò àárín rẹ̀ sì kéré ju kóònù lọ, ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ rẹ̀ tú u kúrò.

Ìṣọ́ra: ẹ ka ọmọ bíárìn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó da wọ́n pọ̀. Díẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ gíríìsì nínú kọ́ọ̀pù, ọ̀kan tàbí méjì a sì máa yí wọ inú ihò àárín họ́ọ̀bù.

Àyẹ̀wò: iye tí ẹ kà ní ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì mu lára ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù. Bí kò bá bá a mu, ẹ tan iná wo inú họ́ọ̀bù kí ẹ tó sọ pé ẹni tí ó tò ó tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe àṣìṣe.

Ìpele 3: Fífọ̀ àti wíwò

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ kóònù àti kọ́ọ̀pù, kí ẹ nù wọ́n gbẹ. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níhìn-ín ju bí a ṣe ń mọ kóònù tí ó ti kú lọ: ẹ mú bírò, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ tọ ipa tí ọmọ bíárìn ń gbà lára kóònù yí po. Bí ẹnu bírò bá ta lẹ́ẹ̀kan péré, ihò ti wà níbẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ẹ pààrọ̀ kóònù náà, kí tuntun sì bá họ́ọ̀bù náà mu ní ìrísí, kì í ṣe ní tírẹ́ẹ̀dì nìkan. Bí kọ́ọ̀pù inú họ́ọ̀bù gan-an bá ní ihò, ẹ má ṣe náwó sí i mọ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ gba pé kò ní yí geere láéláé.

Ìpele 4: Gbígbé apá ọ̀tún sórí ọ̀pá tuntun

Ẹ tú lọ́kìnọ́ọ̀tù, sípésà àti kóònù ọ̀tún kúrò lára ọ̀pá àtijọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tuntun ní ètò kan náà. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ara ọ̀pá tuntun kí ó má baà dípẹtà. Ìbéèrè tí ó wà níhìn-ín ni pé, níbo ni kí kóònù dúró? Ẹ mú gígùn ọ̀pá, kí ẹ yọ ìbú họ́ọ̀bù kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ pín ohun tí ó ṣẹ́kù sí méjì. 175 dín 135 jẹ́ 40, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 20: ojú ìta lọ́kìnọ́ọ̀tù ọ̀tún gbọ́dọ̀ fi 20 mm jìnnà sí orí ọ̀pá.

Nígbà tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ di kóònù mú, kí ẹ sì de lọ́kìnọ́ọ̀tù mọ́ ọn gan-an. Èyí gbọ́dọ̀ le ju ti apá òsì lọ, nítorí pé òun ni ẹ óò fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ohun tí ó kù, ẹ kò sì ní lè dé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn mọ́ nígbà tí ó bá ti wọ inú họ́ọ̀bù.

Àyẹ̀wò: ẹ tún wọn 20 mm náà lẹ́yìn tí ẹ dì í tán, nítorí pé kóònù sábà máa ń sún díẹ̀ bí a ṣe ń dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ di kóònù nìkan mú, kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí ọ̀pá. Bí ó bá yí, kò tíì dì.

Ìpele 5: Gíríìsì àti ọmọ bíárìn

Ẹ fi gíríìsì kún kọ́ọ̀pù dé ìdajì, kí ẹ to ọmọ bíárìn tuntun sínú rẹ̀ ní iye tí ẹ kà. Àlàfo kékeré gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù láàárín wọn, èyí tí kò tó láti gba ọmọ kan sí i. Ẹni tí ó bá fi tipátipá há ọ̀kan sí i sínú àlàfo náà ń mú kí wọ́n máa ha ara wọn ni. Ẹ tún fi gíríìsì díẹ̀ bo orí wọn, kí ẹ ti ọ̀pá wọlé láti apá ọ̀tún ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí orí rẹ̀ má baà ta ọmọ bíárìn òsì dànù bí ó ṣe ń yọ síta, kí ẹ sì fi ìka yí kóònù òsì wọlé títí yóò fi kan ọmọ bíárìn.

Ìpele 6: Ṣíṣètò bíárìn

Ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí a bá pa apá ìtú ti quick-release dé, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ máa ń fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí ara wọn, ó sì ń fún ọ̀pá oníhò náà mọ́ra díẹ̀, kóònù méjèèjì á sì sún mọ́ ọmọ bíárìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìmì kékeré sílẹ̀ nínú họ́ọ̀bù quick-release nígbà tí ó bá wà lọ́wọ́, kí ó lè parẹ́ nígbà tí a bá dè é. Nọ́ọ̀tù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tù ìta kọ̀ọ̀kan ń tẹ irin férémù mọ́ lọ́kìnọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Apá tí ó yọ síta lára ọ̀pá nìkan ni ó ń fà, kò sì sí ohun tí ó ń fún àárín tí ó wà láàárín kóònù méjèèjì. Ìmì tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbí kò ní parẹ́ nínú férémù. Nítorí náà, kí ìmì má ṣe sí rárá, kí wíìlì sì máa yí geere.

Ẹ fi ìka yí kóònù òsì títí ìmì yóò fi tán, kí ẹ dá a padà díẹ̀ gan-an. Ẹ to sípésà àti wọ́ṣà sí i, kí ẹ fi sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ di kóònù mú lójú kan, kí ẹ sì de lọ́kìnọ́ọ̀tù. Ẹ dán an wò. Kò sí ẹni tí ó ń rí i ní ẹ̀ẹ̀kan. Kí a tú u, kí a tún un dè ní ìgbà mélòó kan kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́. Bí ó bá le jù lẹ́yìn tí ẹ dè é, ẹ fi sípánà di lọ́kìnọ́ọ̀tù ọ̀tún mú, kí ẹ tú lọ́kìnọ́ọ̀tù òsì díẹ̀, kí ẹ fi sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ yí kóònù òsì padà ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo, kí ẹ sì tún dè é. Bí ó bá ń mì, ẹ ṣe é ní òdì kejì.

Àyẹ̀wò méjì ni ó wà níhìn-ín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹ fi ìka méjì di orí ọ̀pá mú, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ni bí ìgbà tí nǹkan ń yọ̀ nínú epo, láìsí ìkọsẹ̀ kankan. Bí ó bá ń ta, tí ó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó ti le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá orí méjèèjì mú, kí ẹ gbìyànjú láti tì í sókè sódò. Bí ọwọ́ bá gbọ́ kọ́kọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ìmì wà. Ẹ sì wọn ìbú họ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gígùn tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìbú náà bá ti di 137 dípò 135, ẹ ti fi sípésà kan kún un láìmọ̀, tàbí kóònù kan kò bá kọ́ọ̀pù rẹ̀ mu.

Ìpele 7: Fífi wíìlì sínú kẹ̀kẹ́

Ẹ gbé wíìlì sí ẹnu férémù tàbí fọ́ọ̀kì, kí ojú lọ́kìnọ́ọ̀tù tí ó ní eyín kọ sí irin náà nínú. Wọ́ṣà yóò wà ní òde irin, nọ́ọ̀tù yóò tẹ̀ lé e. Bí wọ́ṣà náà bá ní eyín, eyín yóò kọ sí irin. Ẹ fi gíríìsì sí ìlà ọ̀pá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ojú eyín wọ̀nyí, nítorí gbígbá tí wọ́n ń gbá irin mú ni kì í jẹ́ kí wíìlì yọ̀.

Ní iwájú, ẹ wo òde ẹnu fọ́ọ̀kì dáadáa. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì ní etí kékeré tí ó ga yí ibẹ̀ ká, tí a fi síbẹ̀ kí wíìlì má baà já bọ́ bí ẹnìkan bá gbàgbé láti pa apá ìtú dé. Bí wọ́ṣà tàbí nọ́ọ̀tù bá fẹ̀ ju àárín etí náà lọ, orí etí ni yóò jókòó sí: yóò dà bíi pé ó ti dì, ṣùgbọ́n ibi tí ó fara kàn kò ju bí okùn lọ, bí ẹ bá sì ti gun kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀, yóò dẹ̀. Ẹ wá wọ́ṣà nípọn tí ó lè wọ àárín etí náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí fọ́ọ̀kì kò bá ní etí ṣùgbọ́n tí ó ní ihò kékeré lókè ẹnu rẹ̀, wọ́ṣà oníìkọ́ ni kí ẹ lò, kí ìkọ́ rẹ̀ wọ inú ihò náà. Mo rí i pé àwọn ènìyàn máa ń ju wọ́ṣà oníìkọ́ yìí sínú àpótí irin àlòkù bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Òun nìkan ni yóò di wíìlì iwájú mú lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀tù bá dẹ̀.

Ẹ máa de nọ́ọ̀tù òsì àti ọ̀tún ní ìkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣe de ẹ̀gbẹ́ kan parí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, nítorí pé wíìlì yóò wọ́. Lára kẹ̀kẹ́ onijíà kan, ẹ fa wíìlì sẹ́yìn títí ṣéènì yóò fi ní ìmì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan sókè sódò ní àárín rẹ̀. Ẹ de apá ọ̀tún díẹ̀ kí ó dúró, ẹ fi ọwọ́ ti rím̀ù sí àárín férémù, ẹ de apá òsì, kí ẹ tó wá de méjèèjì parí.

Nọ́ọ̀tù ẹ̀yìn sábà máa ń gba láàárín 30 sí 45 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan). Bí ìwé họ́ọ̀bù yín bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ní ẹ̀yìn àti ní iwájú. Bí ẹ kò bá ní sípánà tí ń wọn agbára, ẹ ronú rẹ̀ báyìí: sípánà tí ó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tí a fi agbára tí ó tó ìwúwo kílò 20 tẹ̀ ní orí rẹ̀, yóò mú nǹkan bí 40 Nm jáde. Ẹ má ṣe fi páìpù mú kí sípánà náà gùn sí i.

Àyẹ̀wò: nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kún fún ìlà, kí ìlà kan tàbí méjì sì yọ síta. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ yí wíìlì. Yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi dúró, yóò sì sábà mì síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di rím̀ù mú nítòsí férémù, kí ẹ tì í sí ọ̀tún àti sí òsì. Ìmì tí ọwọ́ kò gbọ́ ní orí ọ̀pá máa ń hàn kedere ní rím̀ù, nítorí pé ó jìnnà sí àárín. Bí ìmì bá wà, ẹ padà sí ìpele 6.

Bí wíìlì bá yí geere kí ẹ tó de nọ́ọ̀tù, tí ó sì wá le lẹ́yìn tí ẹ dè é, ẹ má ṣe sáré tú kóònù sílẹ̀ láti fi wá ojútùú sí i. Ohun mẹ́ta ni ó ń fa èyí. Ó lè jẹ́ pé lọ́kìnọ́ọ̀tù òsì kò dì mọ́ kóònù, tí nọ́ọ̀tù ìta sì ń tì wọ́n wọlé pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá ti tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu férémù méjèèjì kò dojú kọ ara wọn gbọọrọ, tí nọ́ọ̀tù fi ń fi tipátipá tẹ ọ̀pá. Ti àkọ́kọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù. Ti ẹ̀kẹta ni ó ń ṣẹ́ ọ̀pá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tí ó ní irinṣẹ́ títún férémù ṣe ni kí ẹ sì gbé e lọ bá.

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà ní ìwọ̀n kìlómítà díẹ̀, kí ẹ tún fi sípánà dán nọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bí ó bá jẹ́ pé wíìlì méjèèjì ni ẹ ṣe, nítorí pé eyín wọ́ṣà máa ń wọnú ọ̀dà férémù, nọ́ọ̀tù á sì dẹ̀ díẹ̀. Sípánà 15 mm gbọ́dọ̀ wọ inú àpò irinṣẹ́ tí ẹ ń gbé dání báyìí. Bí táyà bá jò lọ́nà, ọwọ́ lásán kò lè tú wíìlì náà mọ́.